Bí ẹ ó ṣe yan ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn fún Bonneville yín láì jìn sí kòtò tí mo jìn sí

Ihò kan wà lójú ọ̀nà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní ìhà àríwá England níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan. Kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Láràárọ̀ ni mò ń pàdé rẹ̀ lórí alùpùpù mi, Triumph Bonneville T120. Ní ọdún kìíní, gbàm ni yóò gbá mi ní ìdí, eyín mi á pàdé ara wọn. Mo wá lọ ra ṣọ́ọ̀kì àlòkù olówó gọbọi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ wúrà, tó ní agolo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún kejì, ihò náà kò gbá mi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn alùpùpù á rì, á fò, á tún rì, bí ìgbà tí ènìyàn ń gun ràkúnmí. Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo ti jìn sí i, ní ti kòtò gan-an àti ní ti owó.

Irú alùpùpù tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe lóde òní àmọ́ tí wọ́n wọ̀ láṣọ àtijọ́: iná iwájú roboto, páìpù èéfín méjì, ṣọ́ọ̀kì méjì lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bonneville tí Triumph tún gbé jáde ní 2001 wà lára wọn, T120 àti Street Twin ti 2016 náà wà níbẹ̀, Royal Enfield Interceptor 650 àti Continental GT 650 tó jáde ní 2018 náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gun Bajaj Boxer rí nílé mọ ètò náà, ṣọ́ọ̀kì méjì kan náà ni.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀kì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ra lójú yín. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì tó wà nínú ọ̀pá, tó ń fi agídí gba ojú ihò tín-tìn-tín kọjá, ni kò jẹ́ kí sípíríǹgì náà máa fò bó ṣe wù ú. Bí sípíríǹgì kò bá bá ìwọ̀n ara yín mu, kò sí ọ́ìlì tó lè gbà á sílẹ̀. Gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: orúkọ àti àwọ̀ ni mo rà, n kò ra sípíríǹgì.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀ kí alùpùpù tó rìn, kí ẹ fi wé iye tó wà nínú ìwé tó bá a wá. Táyà tó le bí òkúta máa ń gbá ènìyàn ní ìdí bíi ṣọ́ọ̀kì tó ti kú. Ẹ fi aṣọ funfun nu ọ̀pá tó ń dán lára ṣọ́ọ̀kì. Bí ọ́ìlì bá yí aṣọ náà, ó ti ń jò nìyẹn. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ dì í mú, ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì jègẹ̀jègẹ̀, bíárìn ló ní ẹjọ́, ṣọ́ọ̀kì tuntun kò sì ní wò ó sàn.

Ẹ tún wo òrùka tó wà nísàlẹ̀ sípíríǹgì. Òun ni wọ́n fi ń tún preload ṣe, ìyẹn bí a ṣe ń fún sípíríǹgì pọ̀ díẹ̀ kí ẹrù kankan tó bọ́ sórí rẹ̀. Mo ti rí alùpùpù ọlọ́dún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan òrùka yìí rí láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tí wọ́n tò fún ẹni tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni sísanra ló wá wà lórí rẹ̀!

Ẹ gun òṣùwọ̀n

Ẹ wọ gbogbo ohun tí ẹ máa ń wọ̀ gun alùpùpù: hẹ́líméètì, jákẹ́ẹ̀tì, bàtà, ìbọ̀wọ́, kí ẹ gbé báàgì yín kọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ẹ wá gun òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ stone ni òṣùwọ̀n ilé yín ń kà, stone kan jẹ́ kílò 6.35.

Èmi rò pé kílò 90 ni mí. Òṣùwọ̀n ní 98. Nígbà tí mo wọṣọ tán, ó di 109, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún un gùn, kò yí ohùn padà. Iye yẹn ni ẹ ó sọ fún ẹni tó ń ta ṣọ́ọ̀kì. Ẹ má bù ú kù fún un, kì í ṣe àfẹ́sọ́nà yín. Bí ẹ bá ń gbé ènìyàn sẹ́yìn, ẹ sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí: lójoojúmọ́ ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún? Sípíríǹgì tí wọ́n yàn nítorí ìyàwó tó máa ń bá yín jáde lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ nìkan yóò máa gbá yín ní ìdí ní gbogbo ọjọ́ tó kù.

Ẹ wọn bí ẹ̀yìn ṣe ń rọlẹ̀

Apá yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Sag ni àwọn agùn-alùpùpù ń pe ìwọ̀n tí ẹ̀yìn fi ń rọlẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe àléébù. Bí táyà ṣe nílò àyè láti gòkè nígbà tó bá gun òkìtì, bẹ́ẹ̀ náà ló nílò àyè láti sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò.

Ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ìdí alùpùpù, ní ọ̀gangan òkè bóòtù tó gba àárín táyà ẹ̀yìn kọjá, kí ẹ fi bírò fa ìlà sí i. Láti àárín bóòtù yẹn dé orí ìlà náà ni ẹ ó máa wọ̀n, ní ìgbà mẹ́ta. Ìgbà kìíní, táyà ẹ̀yìn kò kanlẹ̀ rárá, bóyá lórí sítáńdì àárín, tàbí kí ẹni méjì gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ìgbà kejì, alùpùpù dá dúró lórí táyà méjèèjì láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó gòkè fúnra rẹ̀, nítorí rọ́bà ojú ọ́ìlì máa ń di ọ̀pá mú. Ìgbà kẹta, ẹ̀yin fúnra yín lórí rẹ̀ nínú gbogbo aṣọ ìgùn, kí ẹnì kan di iwájú mú, kí ẹlòmíràn ka téèpù.

Àbúrò ìyàwó mi ló bá mi kà á.

"Bọ̀dá, ẹ má fẹsẹ̀ kanlẹ̀ o, ẹ gbé e sórí ibi ìtẹ̀sẹ̀."

"Mo ti gbé e."

"Ẹ ò tíì gbé e, mo ń wo bàtà yín."

Òótọ́ ló sọ. Ìka ẹsẹ̀ kan péré tó bá kanlẹ̀, iye tí ẹ ó rí á yí padà.

Lórí ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ wúrà yẹn, ohun tí a rí rèé. Láìkanlẹ̀, mìlímítà 562. Alùpùpù nìkan, 548, ìyẹn ni pé ó rọlẹ̀ ní 14. Pẹ̀lú mi lórí rẹ̀, 514: ó ti rọlẹ̀ ní 48. Triumph kọ ọ́ sínú ìwé T120 pé 120 mìlímítà ni táyà ẹ̀yìn lè rìn lókè-nílẹ̀. Lójú títì, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí díẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ni a ń fẹ́ kó lọ sí abẹ́ agùn, ìyẹn 36 níbí. 48 ti pọ̀ jù. Ti Interceptor 650 kéré sí i, 88 ni táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń rìn, nítorí náà nǹkan bíi 26 ni ẹ ó máa wá. Ẹ rí i pé iye tó dára lára alùpùpù kan kò ṣeé gbé lé òmíràn.

Mo di òrùka preload títí tí kò fi yí mọ́. Pẹ̀lú mi lórí rẹ̀, ó di 526, ó rọlẹ̀ ní 36 géérégé. Inú mi dùn. Àbúrò wa ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i: alùpùpù nìkan, 560. Mìlímítà 2 péré! Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Preload kì í mú sípíríǹgì le sí i. Ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń sún. Bí ẹ bá ti rí iye tó tọ́ pẹ̀lú agùn, tí alùpùpù nìkan kò sì rọlẹ̀ tó 5, sípíríǹgì náà rọ̀ jù fún yín, ẹ kàn ń fún un lọ́rùn ni. Bó bá jẹ́ pé pẹ̀lú agùn ó dára, àmọ́ òun nìkan rọlẹ̀ ju 20 lọ, sípíríǹgì le jù. Láàárín 10 sí 15 lára irú Bonneville yìí, ọkàn yín á balẹ̀.

Ẹ ṣe gbogbo ìwọ̀n yìí lórí ṣọ́ọ̀kì tó wà lára rẹ̀ báyìí, kí ẹ tó ra òmíràn. Ó lè jẹ́ pé preload lásán ni yóò gbà yín lówó ìnáwó. Èmi ìbá mọ̀!

Gígùn àti ẹnu

Láti àárín ihò bóòtù òkè dé àárín ihò bóòtù ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn gígùn ṣọ́ọ̀kì, nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó gùn ju ti ilé iṣẹ́ lọ á gbé ẹ̀yìn sókè, iwájú á tẹ̀ síwájú, alùpùpù á sì máa yára yí. Àwọn kan fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sítáńdì ẹ̀gbẹ́ á wá kúrú jù, alùpùpù á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí, ṣéènì náà á sì nílò àtúntò nítorí pé apá tó di táyà mú ti yí ipò padà. Èyí tó kúrú jù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibi ìtẹ̀sẹ̀ á tètè máa ha ilẹ̀ ní kọ́nà, táyà sì lè lọ kan mọ́gáàdì nígbà tí ẹrù bá pọ̀. Bí ẹ kò bá ní ìdí pàtàkì, ẹ dúró lórí gígùn tí ilé iṣẹ́ ṣe é.

Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ní ihò roboto pẹ̀lú búùṣì nínú lókè àti nísàlẹ̀; àwọn mìíràn ní ẹnu tó là sí méjì bí àmúga nísàlẹ̀. Ẹ wọn fífẹ̀ ihò àti ìbú búùṣì. Ọdún tí wọ́n ṣe alùpùpù ṣe kókó níbí. Bonneville tó ń fi afẹ́fẹ́ tutù kì í ṣe èyí tó ń fi omi tutù láti 2016, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra.

Inú ọ̀pá

Ní èyí tó rọrùn jù, ọ́ìlì àti gáàsì jọ wà nínú yàrá kan. Ó pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sáré pẹ́ lórí ọ̀nà gbágungbàgun, ọ́ìlì á gbóná, á pò mọ́ gáàsì di ìfófòó, agbára rẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Nínú èyí tó ga díẹ̀, písítìn kékeré kan ló ya nitrogen sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì, kò sí ìfófòó. Agolo tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olówó gọbọi, àyè fún ọ́ìlì àti gáàsì púpọ̀ sí i ló jẹ́. Thruxton R tí Triumph ṣe wá pẹ̀lú Öhlins alágolo láti ilé iṣẹ́. A jẹ́ pé àwọn fúnra wọn mọ ohun tí wọ́n fi du T120.

Àwọn ìkọ́, ìyẹn ohun tí a ń yí láti fi tún ṣọ́ọ̀kì tò, tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn ni rebound àti compression. Rebound ni bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń yára padà sókè lẹ́yìn tó bá ti wọlẹ̀. Compression ni bó ṣe ń gbà láti wọlẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́, tó ń gbafẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, nílò preload àti rebound tó ṣeé tún ṣe, pẹ̀lú sípíríǹgì tó bá ara rẹ̀ mu. Ìyẹn tó. Ìkọ́ mẹ́rin tí ẹ kò mọ ìlò wọn, ọ̀nà mẹ́rin láti ṣì í tò ni. Agolo sì lè kan báàgì ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn, ẹ wọn àyè ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ní ti àwọn tó ń ṣe é, mi ò ní dúró pẹ́. Hagon wà ní England níbí, Alf Hagon tó jẹ́ asáré alùpùpù ló ní orúkọ náà. YSS wá láti Thailand, owó rẹ̀ rọjú. Ikon ti Australia ló jogún ètò ṣọ́ọ̀kì Koni àtijọ́. Bitubo jẹ́ ti Ítálì, Nitron jẹ́ ti England. Öhlins, tí Kenth Öhlins dá sílẹ̀ ní Sweden ní 1976, wà lára àwọn tó wọ́n jù. Ṣọ́ọ̀kì YSS tó ní sípíríǹgì yín nínú yóò ta Öhlins tó ní sípíríǹgì ẹlòmíràn yọ nígbàkúùgbà.

Ìbéèrè tí ẹ ó bi ẹni tó ń tà á

Ẹ fún un ní orúkọ alùpùpù, ọdún rẹ̀, ìwọ̀n ara yín nínú aṣọ ìgùn, bí ẹ ṣe ń gbé ènìyàn tàbí ẹrù sí, àti irú ọ̀nà tí ẹ ń gùn. Bó bá gba owó yín láìbéèrè ìwọ̀n ara yín, ẹ gba ilé lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ bi í: newton mélòó fún mìlímítà kan, ìyẹn bó ṣe le tó, ni sípíríǹgì tí ẹ fẹ́ fi sí i? Bí kò bá bá mi mu, ṣé ẹ ó pààrọ̀ sípíríǹgì nìkan, èló sì ni? Ṣé ó ṣeé tú, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti rọ́bà rẹ̀, ta ni yóò sì ṣe é? Ṣọ́ọ̀kì tí kò ṣeé tú, lọ́jọ́ tó bá jò, ó di irin àlòkù nìyẹn.

Bó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ fi èékánná gba orí ọ̀pá tó ń dán kọjá láti òkè délẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti há, ìpẹtà ti jẹ ibẹ̀, yóò sì ya rọ́bà. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára sípíríǹgì. Ẹni tó ta tèmi fún mi sọ pé "gbogbo ènìyàn" ló lè gùn ún. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ṣọ́ọ̀kì ṣe, ó ka nọ́ńbà náà, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹni kílò 70 ni wọ́n ṣe é fún. Sípíríǹgì tuntun méjì ló fi sí i. Kò sí ohun tó ṣe ọ̀pá yẹn tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe so ó

Ire tó wà lára ṣọ́ọ̀kì méjì ni pé ẹ lè pààrọ̀ ọ̀kan, kí èkejì máa di táyà mú. Ẹ gbé alùpùpù sórí sítáńdì àárín, kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ táyà kó má baà rọ̀. Ẹ tú bóòtù òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa to wọ́ṣà sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n, kí ẹ má baà máa ṣe àròyé níkẹyìn. Ẹ nu ibẹ̀, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i, ẹ ti ṣọ́ọ̀kì tuntun bọ̀ ọ́. Ó yẹ kí bóòtù wọlé pẹ̀lú ọwọ́. Bí ẹ bá ní láti fi hámà gbá a, ẹ gbé pákó náà sókè tàbí sílẹ̀ díẹ̀. Ihò ni kò ṣe déédéé. Sípánà tó ń ka agbára ni kí ẹ fi dì í, iye tó wà nínú ìwé alùpùpù ni kí ẹ sì tẹ̀lé. Preload ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ fi sípánà yẹ gbogbo bóòtù náà wò, kí ẹ wo ṣéènì, kí ẹ sì wo bí iná iwájú ṣe ń tàn, bóyá ojú awakọ̀ ẹlòmíràn ló ti ń lọ.

Ní Britain níbí, ẹ pe ilé iṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó gùn ún jáde. Àtúnṣe ni lójú wọn. Ní Jámánì, ẹ rí i pé ìwé ẹ̀rí bá ṣọ́ọ̀kì náà wá kí ẹ tó rà á.

Ẹ wá wọn sag lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi preload tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan rebound. Ẹ yí i wọlé pátápátá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì máa ka iye tó ń dún bí ẹ ṣe ń yí i padà síta títí dé iye tí olùṣe rẹ̀ sọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi gbogbo ara tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ó yẹ kó gòkè ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kó dúró síbẹ̀. Bó bá kọjá, tó tún padà sílẹ̀, rebound kò tó. Bó bá ń wọ́ bí ẹni tó ń ti orun bọ̀, ó ti pọ̀ jù. Tí ihò bá tẹ̀ léra lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn kò ní ráyè gòkè kí òmíràn tó dé, á sì máa rì sí i. Dídún méjì lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa yí, lórí ọ̀nà kan náà, kí ẹ má yí nǹkan méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan.

Tèmi báyìí: alùpùpù nìkan, 12, pẹ̀lú mi, 36. Ihò ẹ̀bá ilé epo náà ṣì wà níbẹ̀. Ìdí mi kò mọ ìgbà tí mo ń kọjá lórí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti wá ń gbọ́ ọ. Iwájú ló kù.